Súwẹ́tà Wúlù Nílùú Èkó: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá

Wúlù kì í ṣe òwú. Irun ni, irun ara àgùntàn. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ súwẹ́tà jẹ́ l'Ékòó ni pé a ń fọ̀ ọ́ bí ẹní ń fọ àǹkárá. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun orí ti mọ ìdajì ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí: omi gbígbóná kò bá a lára mu, ọṣẹ líle ń gbẹ ẹ́, bí a bá sì ń bó o mọ́ra nígbà tó tutù, yóò ta kókó.

Ta ló ń wọ wúlù nínú ooru Èkó?

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina tàbí Victoria Island kò ní béèrè. Níta, òógùn ń ṣàn. Nínú ọ́fíìsì, wọ́n ti fa AC wálẹ̀ dé 18, èèyàn sì ń gbọ̀n bí ẹni tó wà ní Jos. Ẹ fi àwọn tó ń múra ìrìnàjò sí ìlú òyìnbó kún un, àti àwọn tó ń dúró de mọ́tò ní agogo márùn-ún ìdájí nígbà ọyẹ́. Wúlù tínrín sàn fún irú èyí ju acrylic, òwú oníke tí wọ́n ń ṣe níléeṣẹ́, lọ. Ó lè fa omi inú afẹ́fẹ́ àti òógùn mọ́ra tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í lẹ̀ mọ́ni lára. Agbára kan náà ló sì ń kó bá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀rinrin Èkó ń wá ibi tó máa wọ̀, wúlù sì rèé tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un.

Báwo ni mo ṣe máa dá wúlù gidi mọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ ka lébẹ́ẹ̀lì tó wà ní ọrùn tàbí nínú ẹ̀gbẹ́ aṣọ. “100% wool”, “pure new wool”, “lambswool” àti “merino”, irun àgùntàn ni gbogbo wọn. “Cashmere” àti “mohair”, irun ewúrẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kan náà ni wọ́n ń fẹ́. Tí ẹ bá rí “wool blend”, ẹ wo iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, nítorí wúlù ìdá 10 pẹ̀lú acrylic ìdá 90 náà ń jẹ́ blend.

Nínú ọjà òkìríkà, wọ́n sábà máa ń ti gé lébẹ́ẹ̀lì kúrò. Níbẹ̀, iná ló ń sọ òótọ́. Ẹ fa òwú kan ṣoṣo yọ láti ojúrán inú, kó gùn tó ìka kan. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un sókè abọ́ irin tó ní omi díẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Wúlù kì í fẹ́ jó: ó ń ká kò, ó ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ń fi iná jó irun ẹran Iléyá, bí ẹ bá sì yọ iná kúrò, ó ń kú fúnra rẹ̀. Eérú rẹ̀ dúdú, ó ń rún lábẹ́ ìka. Òwú lásán ń jó wàràwàrà, òórùn bébà ló ń rùn. Acrylic àti pọ́líẹ́sítà ń yọ́ bí ọ̀rá, wọ́n sì ń di kókó líle tí kò ṣeé rún. Ẹ má fọwọ́ kàn án kó tó tutù. Bí òórùn irun àti kókó líle bá jọ wà, àdàlù ni.

Kí ni àwọn àmì inú lébẹ́ẹ̀lì ń sọ?

Abọ́ omi tí ọwọ́ wà nínú rẹ̀: ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Abọ́ tí wọ́n fa igi dábùú: omi kò gbọdọ̀ kàn án. Onígun mẹ́ta tí wọ́n fa igi dábùú: kò sí bílíìṣì. Lẹ́tà P nínú òbìrí: dráikílín, ìyẹn fífi oògùn fọ̀ ọ́ láìlo omi. Onígun mẹ́rin tó ní ìlà kan gbọọrọ nínú: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ, ẹ má fi kọ́. Áyọ́ọ̀nù tó ní ẹ̀kán méjì: ìgbóná kò gbọdọ̀ kọjá 150°C.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n wọ̀ ọ́ kí n tó fọ̀ ọ́?

Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ nínú ọ́fíìsì nìkan, tó sì ní síngílẹ́ẹ̀tì lábẹ́, lè wọ̀ ọ́ ní ìgbà márùn-ún. Ẹni tó bá fi jókòó nínú dáńfó láti Ìyànà Ìpájà dé CMS, kó má retí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí àga níwájú fáànù títí di ọjọ́ kejì kí ó tó wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ tí a bọ́ tí a ká lójú ẹsẹ̀, òógùn la ká mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ yí inú aṣọ síta, ẹ di bọ́tìnnì rẹ̀. Kí omi tó kàn án, ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí ńlá kan, kí ẹ fi báírò fa ìlà yí etí rẹ̀ ká. Páálí yìí ni yóò jẹ́rìí bó ṣe tóbi tó nígbà tí ẹ bá fẹ́ sá a. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo ibí yìí, òun sì ni wọ́n ń pàdà kábàámọ̀.

Súwẹ́tà tínrín ń fẹ́ omi lítà 5 nínú báfù. Èyí tó nípọn ń fẹ́ lítà 8 sí 10. Omi tí kò ju 30°C lọ là ń wá, èyí tí ẹ bá ki ìgunpá bọ̀, tí kò ní móoru, tí kò sì ní tutù. Omi ẹ̀rọ wa ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò nílò kí ẹ gbé e kaná. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ra fún ni omi tánkì dúdú orí òrùlé lọ́sàn-án gangan, nítorí oòrùn ti sè é kọjá ibẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ pọn ọ́n. Ẹ da ṣíbí ìjẹun kan ṣampúù, nǹkan bí 15 ml, sínú lítà 5, kí ẹ sì fọwọ́ pò ó kí aṣọ tó wọlé. Ṣampúù ọmọdé dára. Èyí tí wọ́n ti po conditioner mọ́ kò dára, ara òwú ló máa ń kù sí.

Ẹ ri aṣọ náà sínú omi, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ jẹ́ kó wú, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹní ń tẹ kànìnkànìn. Tó bá tó ìgbà 15, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Kò sí bíbó, kò sí búrọ́ọ̀ṣì, kò sí gbígbá a mọ́ òkúta. Ọrùn àti abíyá nìkan lẹ lè fi ìka méjì pa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kán ṣampúù kan.

Ọwọ́ méjèèjì ni kó gbé e jáde láti ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí a ń gbé ọmọ tuntun kúrò nínú omi. Wúlù tó ti mu omi wúwo, kò sì lágbára. Bí ẹ bá fi èjìká fà á sókè, yóò gùn, kò sì ní fẹ́ padà. Ẹ ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú omi tí ìgbóná rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ẹ lè da ṣíbí ìjẹun méjì fínígà funfun sínú omi ìkẹyìn: ó ń ké ìyókù ọṣẹ, òórùn rẹ̀ sì ń lọ bí aṣọ bá ti gbẹ.

Ẹ má fún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ báfù kí omi ro, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura tó gbẹ, ẹ ká méjèèjì pọ̀ bí ìgbà tí a ń ká ẹní, kí ẹ wá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láti ìkángun kan dé èkejì. Bí aṣọ ìnura náà bá rin gbindin, ẹ mú òmíràn.

Omi bọ́ọ̀hò àdúgbò wa ń pọ́n. Ṣé kò burú?

Irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ pọn ọ́n sínú garawa funfun lálẹ́. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá pupa ní òwúrọ̀, ẹ má fi fọ wúlù funfun. Àbàwọ́n irin kì í gbọ́ ti ọṣẹ, bílíìṣì sì ń mú kó burú sí i. Omi òjò dára gan-an, bí ẹ bá jẹ́ kí òjò fọ eruku òrùlé dànù ná kí ẹ tó gbé garawa sí i. Fún súwẹ́tà dúdú tàbí aláwọ̀ aró, ẹ jẹ́ kí omi náà tòrò, kí ẹ sì rọra bu òkè rẹ̀.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ṣebí ti ìbílẹ̀ ni, kò ní kẹ́míkà.

Eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, omi eérú sì ń jẹ irun. Kò sí ìjà láàrin àwa àti ọṣẹ dúdú o. Kó dúró sí balùwẹ̀ ni. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun náà le jù fún wúlù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní èròjà kan tí wọ́n fi sí i láti jẹ àbàwọ́n ẹyin àti ẹ̀jẹ̀ run. Protein ni ẹyin, protein ni ẹ̀jẹ̀, protein sì ni wúlù. Èròjà náà kò mọ ẹni tí wọ́n rán an sí.

Ti bílíìṣì tún yàtọ̀. Kò ba wúlù jẹ́ lásán, ó ń yọ́ ọ. Ẹ fi òwú wúlù kan sínú bílíìṣì tí ẹ kò lú nínú ife, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má bá a níbẹ̀ mọ́.

Ṣé mo lè fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́?

Bí lébẹ́ẹ̀lì bá sọ “machine washable” tàbí “superwash”, ẹ lè ṣe é: wọ́n ti bá irun náà ṣe é níléeṣẹ́ kó má lè dì mọ́ra. Ẹ yan “wool”, 30°C, kí spin má ju 600 lọ, kí súwẹ́tà sì wà nínú àpò ìrọ̀rí tí ẹ so lẹ́nu. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má dán an wò. Ẹ̀rọ oníhò méjì tó pọ̀ nílé wa wúlò fún ohun kan: lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ lè fi súwẹ́tà nínú àpò ìrọ̀rí sí ìhà tó ń fún omi, kí ẹ tò ó yí ògiri rẹ̀ ká kó má fì sápá kan, ìṣẹ́jú kan péré. Ìhà tó ń fọṣọ kò kàn án.

Súwẹ́tà mi ti súnkì, ó kù bíńtín bíi ti ọmọdé. Kí ló fà á, ṣé ó ṣeé gbà padà?

Irun àgùntàn ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. Gbogbo ìpẹ́ náà kọjú sọ́nà kan, láti ìdí irun lọ sí ṣóńṣó rẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ líle ń mú kí ìpẹ́ náà gbéra. Bí a bá wá ń bó aṣọ náà, irun kọ̀ọ̀kan á máa rìn wọ àárín èkejì, kò sì ní lè padà sẹ́yìn, nítorí ìpẹ́ ti fi kọ́ ìpẹ́. Ó di dàda. Àwọn tó ń ṣe akẹtẹ̀ felt mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe ohun kan náà ni, kí akẹtẹ̀ lè le gbagidi. Nítorí náà, ìgbóná nìkan kọ́ ló ń pa súwẹ́tà: ìgbóná, ọṣẹ àti fífọwọ́bó ni wọ́n ń para pọ̀. Kí ẹ gbé e láti inú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú omi dídì náà kò ràn án lọ́wọ́.

Ẹ na aṣọ náà díẹ̀ kí ẹ wo ara rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ojú híhun rẹ̀ bá ṣì hàn, ìrètí wà. Ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì conditioner irun sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 4, kí ẹ rì í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ má ṣàn án. Ẹ fi aṣọ ìnura fa omi rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí tí ẹ ya yẹn, ẹ máa fọwọ́ nà án díẹ̀díẹ̀ láti àárín síta, kí ẹ fi píìnì tí kì í dógùn-ún dè é mọ́lẹ̀. Ó lè gba ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ tó sì ti gùn tó, ẹ wá ṣan conditioner náà kúrò pẹ̀lú omi tútù. Ṣùgbọ́n bí ojú híhun ti parẹ́, tó ti nípọn bí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ gé e fi ṣe ohun tí ẹ ó máa fi gbé ìkòkò gbígbóná; kò ní tú létí.

Báwo ni yóò ṣe gbẹ nígbà òjò?

Ìbéèrè Èkó gan-an nìyí. Láti oṣù Kẹrin dé Keje, àti oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, súwẹ́tà tó nípọn lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ, bó bá sì ti ń pẹ́ jù, òórùn á wọ̀ ọ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn fi kọ́ sórí okùn tàbí háńgà: omi inú rẹ̀ á wọ́ ọ sílẹ̀, èjìká á yọ ìwo méjì. Ẹ na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí kò lóògùn sáàárín àga mẹ́rin, kí ẹ so ó dáadáa, kí ẹ tẹ́ súwẹ́tà sórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa gba òkè, á máa gba ìsàlẹ̀. Ẹ gbé fáànù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí aṣọ náà padà ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Bí nẹ́ẹ̀tì kò bá sí, ẹní tí ẹ tẹ́ aṣọ ìnura lé lórí náà dára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ aṣọ ìnura náà.

Oòrùn ọ̀sán kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wúlù funfun á pọ́n, aláwọ̀ á ṣá, irun á sì gbẹ débi tí á fi máa já. Abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn wà ló dára jù. Bí iná kò bá sí fún ọjọ́ mẹ́ta tí òjò sì ń ṣú, ẹ ní sùúrù, ẹ fi ìfọṣọ náà sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ míì.

Ṣé ó ṣeé lọ?

Ó ṣeé lọ, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ fara kàn án. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú funfun tó tutù díẹ̀ lé e, ẹ yí áyọ́ọ̀nù sí “wool”, ẹ gbé e lé, ẹ gbé e sókè, ẹ má wọ́ ọ. Oru omi ló ń ṣiṣẹ́ náà. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ọbẹ̀ ta sí i lára níbi òde.

Ẹ fi ṣíbí kó èyí tó dúró lórí rẹ̀ kúrò, ẹ má nù ún, nítorí nínù ló ń tì í wọlé. Ẹ bu páúdà ara tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo lé ojú ibẹ̀ kó fa epo náà fún wákàtí kan, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ wá fi ìka kan ẹ̀kán ọṣẹ olómi ìfọwo kan sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ tó fọ gbogbo aṣọ náà bí a ti sọ. Bí epo pupa bá ti lọ tí àwọ̀ rẹ̀ kù bí òjìji, ibí yìí nìkan ni oòrùn ti wúlò: ẹ fi aṣọ mìíràn bo gbogbo súwẹ́tà àfi ojú àbàwọ́n náà, kí ẹ fi í sóòrùn fún wákàtí kan. Oòrùn a máa pa àwọ̀ epo pupa.

Abíyá rẹ̀ ń rùn, ó sì ti le.

Líle yẹn, ohun tí ẹ ń fi pa abíyá ló fà á. Ẹ lú fínígà funfun ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́rin, ẹ fi kànìnkànìn rin ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ pa gbẹ lára kí ẹ tó wọ súwẹ́tà, kí síngílẹ́ẹ̀tì alápá sì wà láàárín. Ẹ má fín lọ́fíńdà sí wúlù lára rárá.

Ó ń ta kókó wẹ́wẹ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Rárá o. Irun tó kúrú ló ń jáde tó ń yí pọ̀ níbi tí nǹkan ti ń ha á: abíyá, ẹ̀gbẹ́ tí báàgì ń gbà, ìgunpá tó ń gun tábìlì. Ó máa ń pọ̀ jù ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á dín kù. Ẹ má fi ọwọ́ fà á. Ẹ tẹ́ aṣọ náà gbalaja, ẹ mú réésà tuntun, kí ẹ máa fi gbá a sọ́nà kan ṣoṣo láìtẹ̀ ẹ́.

Mo rí ihò lára rẹ̀. Àfòpiná ni àbí aáyán?

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò náà. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tí òwú rẹ̀ já gaara, ìṣó tàbí síìpù ló fà á. Bí ó bá pọ̀, tó rí rúdurùdu, tí àwọn ibòmíràn kò tíì lu ṣùgbọ́n tí ojú wọn ti fá bí ibi tí ewúrẹ́ jẹ, kòkòrò ajẹṣọ ni. Ẹ tún wá iyẹ̀pẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ní àwọ̀ súwẹ́tà náà gan-an: ìgbẹ́ rẹ̀ ni. Aáyán máa ń jẹ ojú ibi tí oúnjẹ bá ta sí.

Kòkòrò yìí kì í ṣe àfòpiná tó ń fò yí gílóòbù ká lálẹ́. Ó kéré, kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi koríko gbígbẹ, ó sì kórìíra ìmọ́lẹ̀; bí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, inú òkùnkùn ló ń sá lọ. Èyí tó ń fò yẹn kò lè jẹ ohunkóhun. Ọmọ rẹ̀, ìdin funfun wẹ́wẹ́, ló ń jẹun, ó sì lè jẹ ẹ́ fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tó pa èyí tó ń fò tó sì lọ sùn kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ kó gbogbo aṣọ jáde, kì í ṣe èyí tó ní ihò nìkan. Ẹ gbé e síta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ojúrán, abẹ́ kọ́là àti abẹ́ àpò, ibẹ̀ ni ẹyin máa ń wà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì yọ ìdọ̀tí inú àlàfo pákó kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi omi ọṣẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ní ti súwẹ́tà fúnra rẹ̀, fírísà tó ń dì gidi, -18°C, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ń pa ẹyin àti ìdin; inú ọ̀rá tí ẹ ti fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ni kí ẹ fi í sí. Ìṣòro ibẹ̀ ni iná. Fírísà tó ń dì fún wákàtí mẹ́jọ tó sì ń yọ́ fún mẹ́jọ kò pa nǹkan kan, oorun ló kàn ń fún wọn sùn. Bí iná yín kò bá ṣeé gbára lé, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe dráikílín gidi, oògùn tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ń pa gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ tún kó gbogbo rẹ̀ jáde kí ẹ wò ó.

Ṣé káńfọ̀ kò tó?

Káńfọ̀ funfun róbótó tí wọ́n ń tà káàkiri, naphthalene ló sábà máa ń jẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ bí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ nínú ohun tó dé pinpin. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé, òórùn lásán ló ń ṣe. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́ kí ẹ fi í sókè, nítorí èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kó má sì fara kan aṣọ.

Ibi tí a kò ti ní gbà fún ẹnikẹ́ni ni ilé tí ọmọ tuntun wà. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí láìní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ láti ara aṣọ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ tó le kọlù ú, èyí tó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tàbí kó pa á. Súwẹ́tà ọmọ tí ẹ fi káńfọ̀ tọ́jú láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ má fi wọ̀ ọ́.

Dichlorvos, oògùn olómi tí àwọn kan ń wọ́n sí kọ́bọ́ọ̀dù, kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú aṣọ. Májèlé ni. Ní 2019 ni NAFDAC gbógun ti títa ìgò kékeré rẹ̀, ẹ má sì wá a kiri. Ewé dongóyárò gbígbẹ nínú àpò aṣọ kò léwu, ó lè lé kòkòrò sẹ́yìn díẹ̀, kò lè pa èyí tó ti wà nínú ilé.

Báwo ni kí n ṣe kó o pa mọ́ títí di ìgbà ọyẹ́?

Ẹ fọ̀ ọ́ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún fún un ní ọjọ́ kan sí i lẹ́yìn tí ẹ bá rò pé ó ti gbẹ. Ẹ ká a, kí èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀, ẹ fi ìró òwú àtijọ́ tàbí àpò ìrọ̀rí dì í. Ọ̀rá àti báàgì Ghana-must-go kò dára: ọ̀rinrin tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá fẹ́ lo àpótí ike olómòrí, ẹ kó àwọn àpò wẹ́wẹ́ silica gel tó máa ń wà nínú páálí bàtà jọ, mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ fi sí i. Ẹ má gbé e kan ògiri tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní Sátidé ìparí oṣù, ọjọ́ tí Èkó fi ń ṣe ìmọ́tótó àyíká nígbà kan, ẹ ṣí i, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ tún un ká kó má máa ṣẹ́ sójú kan.

Bó bá ti bu, tí funfun bíi lẹ́búlẹ́bú ti hù lára rẹ̀, ẹ gbé e síta kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n, ẹ fi nǹkan bo imú. Ẹ fi fínígà àti omi ìwọ̀n kan sí mẹ́rin nù ún, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa. Àbàwọ́n dúdú tó bá kù kì í sábà lọ.

Alágbàfọ̀ mi kọ “dry cleaner” sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ṣé kí n gbé e fún un?

Ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ṣé omi lẹ fi ń fọ̀ ọ́? Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí, omi, ọṣẹ àti sítáàṣì ni. Bí omi bá ni, ẹ kúkú fọ̀ ọ́ nílé. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ gidi, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ fi píìnì dè é mọ́ aṣọ náà: wúlù ni, kò sí sítáàṣì, kò sí bílíìṣì, ẹ má fi kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fọṣọ lẹ́yìn.

Kí ni kí n wò bí mo bá ń ra òkìríkà?

Ní Katangowa, ní Yábàá, ní Aswani lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ gbé súwẹ́tà náà sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó dúnàá dúrà. Ihò tí ojú kò rí lórí tábìlì á hàn. Ẹ wo abíyá, ìgunpá àti etí ọwọ́. Bí etí ọwọ́ bá ti fẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ níbẹ̀ nìkan, kí ẹ sì fọwọ́ kó o jọ kó gbẹ bẹ́ẹ̀, lè mú un padà. Ẹ fọwọ́ pa á: èyí tó le bíi kápẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bó ti wù kó mọ́ tó, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ti ilé lọ́jọ́ náà. Ẹ dè é sínú ọ̀rá, kó ti ibẹ̀ lọ fírísà tàbí dráikílín, kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Òwú kan ti fà yọ síta.

Ẹ má gé e! Ẹ ki abẹ́rẹ́ kúróṣéè láti inú wá síta, ẹ fi kọ́ òwú náà, kí ẹ fà á wọnú, kí ẹ na aṣọ díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kó pín ara rẹ̀. Ihò tó kéré ju ẹyọ 1 náírà àtijọ́ lọ ṣeé fi òwú wúlù hun dí. Ẹ fa òwú náà láti ojúrán inú kí àwọ̀ lè bára mu. Ìgunpá tó ti lu, àbùlẹ̀ ni.

Kádígàn ilé-ìwé ọmọ mi ńkọ́?

Acrylic ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Ẹ fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án.

Ṣé ìmọ̀ràn yìí kan sányán ìyá mi?

Apá kan rẹ̀ kàn án. Okùn tí kòkòrò ta ni wọ́n fi ń hun sányán, protein lòun náà, nítorí náà bílíìṣì, ọṣẹ dúdú àti oòrùn ọ̀sán jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, kòkòrò ajẹṣọ sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rì í sómi. Afẹ́fẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló tọ́ sí i, kí ẹ sì máa yí ojú ibi tí ẹ ti ń ká a padà.

Mò ń lọ sí London. Ṣé mo lè gbé e lé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kó lè yá gbẹ?

Rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ tó ń fi ooru yí aṣọ gbẹ. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ súwẹ́tà tó wà láàyè kúrò l'Ékòó ti ń kú. Afẹ́fẹ́ inú ilé ibẹ̀ gbẹ ju tiwa lọ nígbà òtútù. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura níwọ̀n mítà kan sí ẹ̀rọ náà, tí ẹ sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan, èyí tó tínrín sábà máa ń gbẹ di ọjọ́ kejì.